Lẹ́tà Àlejò

Ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn ọmọdé ní Tartu,
níbi tí ojú fèrèsé ti bá bàtà àwọn tó ń kọjá dọ́gba,
Ülle ń sọ àìsàn di nọ́ńbà.
Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún kọkàndínlógún rèé.
Yìnyín ń bọ́ sórí bàtà. Kọfí ti tutù.

Fáìlì tó kàn: Tõnn, ọmọkùnrin, oṣù mẹ́rìndínlógún.
Dókítà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì fàlà sí i nídìí:
ihò ìtọ̀ ọmọ náà kò sí ní ṣóńṣó,
ìsàlẹ̀ ló ti lajú.
Ó parí síbẹ̀. Kò sọ ìsàlẹ̀ wo.

Kọ̀ǹpútà ti ṣe tán láti bá a gbé e:
Q54.9, ó ní. Èyí tí a kò ṣàlàyé.
Tẹ̀ ẹ́, kí o máa lọ.

Q.
Kò sí nínú a-b-d tí èmi fi ṣọ́ọ̀kì kọ́,
kò sì sí nínú tiwọn náà;
orúkọ àjèjì nìkan ni àwọn ará Estonia ń fi í kọ.
Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀.
Bóyá ohun tó bá ọmọ nínú oyún,
lẹ́tà tí kì í ṣe ti ilé ẹnikẹ́ni ló yẹ kó gbé e.

Ülle kò tẹ̀ ẹ́.
Ibi tí ihò wà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà:
òdo ni tó bá wà lábẹ́ orí,
ení ní ara ọ̀pá,
èjì níbi tí ọ̀pá ti pàdé àpò kórópọ̀n,
ẹ̀ta tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Abẹ kan lè tó fún òdo. Ẹ̀ta lè fẹ́ abẹ mẹ́ta.
Ọmọ tí a bá kọ ẹ̀sán sí lára,
ta ni yóò mọ iye òwú tí wọ́n fi rán an?

Ó gbé fóònù. Dókítà Kaarma wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ.
Ó dúró. Ó tún pè. Ó ní, "Níbo gan-an?"
Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sin ní gbèsè.
"Ara ọ̀pá, láàárín. Ṣé ó tán?"
Ó fẹ́ẹ̀ẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ló bá ní,
"Ṣí ìwé náà sẹ́yìn."

Lẹ́yìn ìwé, nọ́ọ̀sì kan ti fi bírò kọ ọ́ wẹ́wẹ́:
bàbá bàbá ọmọ, Endel, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
dúró títí gbogbo èèyàn fi jáde nínú yàrá.
Ó ní, Èmi náà.
Ó ní, Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀, ó sì ti kú.

Àádọ́ta ọdún ni abúlé fi pè é ní agbéraga,
nítorí lọ́jọ́ Sátidé,
tí àwọn ọkùnrin bá wà níhòhò goloto nínú ilé ooru,
tí wọ́n ń fi ẹ̀ka eléwé na ara wọn lẹ́yìn,
Endel á ní igi kan wà tí òun fẹ́ là.
Ó la igi. Ó la igi.
Igi ìdáná ilé rẹ̀
kọjá èyí tí òtútù ọdún mẹ́wàá lè jó tán.
Wọ́n ní, ọkùnrin yìí mà ń ṣiṣẹ́ o.

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò
kí a tó sọmọ lórúkọ.
Ülle kò gbọ́ òwe yẹn rí.
Ó wo ilé.

Ó tẹ Q54.1 fún Tõnn.
Lábẹ́ rẹ̀ ó tẹ Z82.7,
lẹ́tà àlejò mìíràn, tó ń wí pé
irú èyí ti wà nínú ẹbí rí.
Wọn kì í san sẹ́ǹtì kan lórí Z.
Ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un ní ẹ̀ẹ̀mejì.
Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ Endel sí,
kò sí àyè fún igi lílà.

Ní aago mẹ́rin, bàtà àgbà kan kọjá lójú fèrèsé,
bàtà pupa kékeré kan ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó ń dúró, ó ń fẹsẹ̀ fọ́ yìnyín.
Ülle kò mọ ẹni tó ni wọ́n.
Ó dìde, ó lọ gbé kọfí rẹ̀ kaná.